Ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta àti ọmọ Abẹ́òkúta: ọ̀tọ̀ ni wọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pín àwòrán tó ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀, Ọbásanjọ́, Ṣónẹ́kàn, Ṣóyínká àti Fẹlá sí: méjì péré ló tọ̀nà níbẹ̀, Ṣóyínká (1934) àti Fẹlá (1938).

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí, ní 6 oṣù kẹta, 1909. Ilẹ̀ Rẹ́mọ nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta lóòótọ́. Bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Ti Ọbásanjọ́ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ọmọ Òwu Abẹ́òkúta ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé Ìbógùn-Ọláògùn ni wọ́n bí i sí. Ṣónẹ́kàn náà, ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1936. Ní ti Ṣóyínká, òdìkejì ni: Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, Ìsarà ni bàbá rẹ̀ ti wá.

Tí a bá bi Yorùbá pé "Ọmọ ibo ni ọ́?", ìlú bàbá rẹ̀ ló máa dárúkọ, kódà bí kò sùn níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá túmọ̀ ìdáhùn yẹn sí ibi ìbí ti ṣìnà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bí ẹnì kan sí, ẹ wo ìtàn ìgbésí ayé tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, orí àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí "Ìpínlẹ̀ Ògùn" nìkan, ẹ má sọ ọ́ di Abẹ́òkúta: 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì wà nínú rẹ̀.