Ẹ Fi Mítà Wò Ó Kẹ́ Ẹ Tó Sọ Pé Ó Ti Kú!

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ńjìnníà kọ̀ǹpútà ìlú yìí ti sú mi pátápátá, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Èèyàn á dé, á tẹ power, á rí i pé fáànù ń yí ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ò gbé nǹkan kan wá, kò tíì jókòó dáadáa tó fi máa ní "ẹ̀gbọ́n, motherboard ẹ ti lọ nìyẹn, ẹ lọ ra òmíì." Pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan tó kù so mọ́ ló ń pè ní motherboard yẹn. Kò tú nǹkan kan o. Kò fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan nǹkan kan. Kò tiẹ̀ bi mí pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Owó wọkimanṣíìpù ló ń bèèrè. Wọkimanṣíìpù kí ni?

Mónógíráàmù ni mò ń ṣe, n'Íbàdàn níbí. Ọrùn agbádá, àyà bùbá, fìlà, bájì aṣọ iléèwé, gbogbo ẹ̀ la máa ń ṣe. Kọ̀ǹpútà tí mò ń sọ yìí, Pentium 4 ni, Windows XP ló wà lórí ẹ̀, mo sì ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé Microsoft ti pa XP tì láti April 8, 2014. Mo mọ̀! Mi ò fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò fi wo fíìmù. Orí ẹ̀ la ti ń ya iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa rán, a máa gbé e sórí floppy, ẹ̀rọ á kà á, ó parí. Floppy gan-an ni mo sọ, 1.44 MB yẹn, tí Sony ti jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀ láti 2011. Ti floppy ò tiẹ̀ dùn mí, torí nǹkan kan ti wà tí wọ́n ń fi rọ́pò ẹ̀ lára ẹ̀rọ kó lè máa gba flash. Dongle, kinní kékeré tó dà bíi kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwíà, ni wàhálà. Sọ́fítíwíà tá a fi ń yàwòrán, dongle ló ń ṣí i, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà la sì máa ń kì í bọ̀, ojú ibi tí wáyà printer àtijọ́ máa ń wọ̀, oníhò 25 yẹn. Tí ò bá ti sí níbẹ̀, sọ́fítíwíà ò ní ṣí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà báyìí ò lójú yẹn mọ́. Wáyà USB tí wọ́n ní ó lè di ojú printer, printer nìkan ló mọ̀, kò mọ dongle rí. Ká tiẹ̀ wá ní mo rí kọ̀ǹpútà tó tún lójú yẹn, tó bá ti jẹ́ Windows 64-bit ló wà lórí ẹ̀, kò ní gba driver 32-bit tí wọ́n kọ nígbà yẹn láéláé, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ dongle. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti ní "ẹ ra tuntun," ẹ ní kí n ra kọ̀ǹpútà, kí n tún lọ ra sọ́fítíwíà tó wọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ, kí n wá máa yí gbogbo iṣẹ́ tí mo ti yà láti ọdún gbọọrọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa gbé owó ẹ̀ kalẹ̀, ṣé ẹ̀yin ni?

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó bi mí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé tí NEPA bá mú iná lọ mọ́jú, tá a bá fi máa tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, déètì á ti padà sí January 1, 2002. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè ní vírọ́ọ̀sì ni. Vírọ́ọ̀sì! Kọ̀ǹpútà tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń yọ CD síta, ó fẹ́ fọ́mátì hard disk tí gbogbo iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi wà nínú ẹ̀, àfìgbà tí mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Bátìrì pẹlẹbẹ ni o, CR2032, 3 volts, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù ọkọ̀, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí déètì nígbà tí kò bá síná. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pààrọ̀ ẹ̀, ó sì tán níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà ni ò mọ ìyẹn o, èmi alámónógíráàmù ni mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ èyí tó burú. Láàárọ̀ tí ara ẹ̀ bá ṣì tutù, a máa tẹ power tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó dìde, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná tán kò níṣòro kankan, á ṣiṣẹ́ dalẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọjọ́ kan ló wá kọ̀ jálẹ̀, fáànù ń yí, mọ́nítọ̀ dúdú, kò sì dún píìn.

Ẹ̀ńjìnníà dé, ó ní RAM ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Mo ra RAM lọ́wọ́ ẹ̀, tòkunbọ̀, ó kì í bọ̀ ọ́, kò yí nǹkan kan padà, ó ní ó lè jẹ́ pé RAM tuntun náà ò dáa. Ẹ gbà mí o! Nǹkan tó yẹ kó ṣe kò gba owó rárá. Kó yọ RAM kúrò pátápátá, kó tan án. Tí motherboard bá ṣì yè tí speaker inú ẹ̀ sì dáa, ó máa ké píìn píìn pé òun ò rí RAM. Tí ò bá ké rárá, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí RAM nìyẹn, a jẹ́ pé iná ni tàbí motherboard fúnra ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan. Kò ṣe é, ó gbowó ẹ̀, ó lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló mú inú bí mi jù. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe power pack, àpótí tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà, ni, ó ní rárá, pé ṣé mi ò rí i pé fáànù ń yí ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni fáànù fẹ́ fi hàn wá? 12 volts ni fáànù ń jẹ, ó sì lè yí tí 12 yẹn ò bá pé. Motherboard ń retí 5, ó ń retí 3.3, wáyà oníhò mẹ́rin tún wà tó ń gbé 12 lọ sọ́dọ̀ processor tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ pé. Mítà tí ò wọ́n ló máa sọ ọ́. 12 ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 11.4, kò gbọ́dọ̀ ju 12.6, 5 náà ò gbọ́dọ̀ kọjá 4.75 sí 5.25. Èèyàn tiẹ̀ lè yọ power pack sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi wáyà pélébé kan so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú kan, power pack á tan fúnra ẹ̀, kó wá wọ̀n ọ́n. Mo ní kó fi mítà wò ó, ó ní òun ò gbé mítà wá. Ẹ̀ńjìnníà tí kì í gbé mítà rìn!

Irú iná tá à ń lò náà rèé. 230 volts ló yẹ kó wọlé, nígbà mìíì ó máa wálẹ̀ débi pé gílóòbù á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nígbà mìíì tí wọ́n bá mú un dé á fi agbára wọlé gbàù, sitebiláísà á máa pariwo. Kí ló wá yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí nílùú yìí tí kì í ṣe power pack?

Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló rán mi lọ sí Òtìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà n'Íkẹjà, lọ ra motherboard. Mo wọkọ̀ lọ láti Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tó ń tà á fa ọ̀kan yọ nínú páálí, eruku ti bò ó, mo ní kó tan án kí n rí i, ó ní kò síbi tóun ti lè tan án, àti pé tí mo bá ti gbé e kúrò níwájú òun kò sí àdápadà o. Mo yí i wò. Àwọn kàpásítọ̀, àwọn nǹkan kéékèèké bí agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí processor máa ń jókòó sí, orí wọn ti wú, òmíì ti da nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀. Mi ò rà á. Mo padà délé mo tú tèmi síta, mo tanná sí i, ohun kan náà! Orí kàpásítọ̀ tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ti yọ gọngọ sókè. Ojú lásán ni mo fi rí i o, kò gba mítà rárá. Gbogbo àwọn tó ti wá ń gbowó lọ́wọ́ mi yìí, kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ yẹ inú ẹ̀ wò nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe nǹkan àṣírí. Láti nǹkan bí 1999 títí dé bíi 2007, ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ tó jáde, omi tí wọ́n fi sínú wọn ò dáa, pàápàá àwọn tó wá láti Taiwan, wọ́n ń wú, wọ́n ń jò, wọ́n ń bẹ́, kárí ayé ló ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan l'Amẹ́ríkà ya $300 million sọ́tọ̀ lọ́dún 2005 torí motherboard tí kàpásítọ̀ ẹ̀ bà jẹ́. Iṣẹ́ tí kàpásítọ̀ ń ṣe ni pé ó ń mú kí iná tó ń lọ sọ́dọ̀ processor dúró jẹ́jẹ́, tó bá ti ń rọ, àárọ̀ tí ara tutù ló ti máa kọ́kọ́ hàn. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn? Kọ̀ǹpútà yẹn ti ń sọ ohun tó ń ṣe é fún wọn láti ọjọ́ yìí, wọn ò gbọ́.

Ọmọ kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe ládùúgbò wa ló bá mi ṣe é. Kò pe ara ẹ̀ lẹ́ńjìnníà. Ó kọ́kọ́ wọn power pack, 12 ti wálẹ̀ sí 10 àti díẹ̀, ó ní ìyẹn nìkan ò lè jẹ́ kó dìde. A wá power pack míì. Ó wá yọ gbogbo kàpásítọ̀ tó wú, ó fi èyí tí volt ẹ̀ ò dín sí tàtijọ́ sí i, tó lè fara da ooru 105 digirí, ó ń wo ibi tí ojú negative wà kó tó jó o mọ́lẹ̀. Gbogbo owó kàpásítọ̀ yẹn ò tó owó tí mo wọkọ̀ lọ s'Íkẹjà.

Ó tan. XP gbé ojú ẹ̀ wá, dongle mú, iṣẹ́ kankan ò sọnù, mo sì ti da gbogbo ẹ̀ sórí hard disk míì lọ́jọ́ yẹn gan-an torí hard disk àtijọ́ yìí náà ti ń dàgbà.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi! Agbádá ìgbéyàwó àwọn èèyàn ló dúró sílẹ̀, mo dá owó ẹlòmíì padà, ọmọ iṣẹ́ mi jókòó lásán, torí pé àwọn èèyàn kan ò lè gbé sukudiráfà kí wọ́n tú pátákó ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n sì fojú wo inú ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ta RAM yẹn fún mi, o mọ ara ẹ. Mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, RAM ẹ ṣì wà nínú lailọ́ọ̀nù tó o fi gbé e fún mi, owó mi ni mo fẹ́ gbà, àti ti wọkimanṣíìpù.