Ẹ̀gẹ́ fún Gàrí, Gáàsì fún Ọkọ̀

A kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa bá ènìyàn du gàrí. Láti ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí á máa po ẹtánọ́ọ̀lù (ọtí tó ń jó bí epo), ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́ epo bẹntiróòlù. Ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ni wọ́n gbójú lé. Lójú ọ̀wọ́n oúnjẹ tó wà nílùú yìí, a ta ko ti ẹ̀gẹ́ yẹn pátápátá.

Ọ̀nà mìíràn wà. Bakitéríà kan ń jẹ́ Clostridium autoethanogenum. Inú ìgbẹ́ ehoro ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Bí ìwúkàrà ṣe ń jẹ ṣúgà inú ẹmu tí ẹmu fi ń kan, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ṣe ń jẹ gáàsì, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Carbon monoxide gan-an ni oúnjẹ rẹ̀, èéfín burúkú tó ń pa àwọn tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Láti 2018 ni wọ́n ti ń fi èéfín ilé iṣẹ́ irin ṣe ẹtánọ́ọ̀lù ní Hebei, ní Ṣáínà. Ní 2022, ilé iṣẹ́ irin ArcelorMittal ṣí tirẹ̀ ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ó lè pèsè 80 mílíọ̀nù lítà lọ́dún.

Àwa ńkọ́? Òfin 1979 ní tí 1984 bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun gáàsì mọ́ àyàfi tí mínísítà bá fọwọ́ sí i. Ẹ lọ wo Bayelsa lóru, iná ọ̀hún ṣì ń jó.

Iṣẹ́ náà le, a mọ̀. Mítéènì ló pọ̀ jù nínú gáàsì tiwa, kòkòrò náà kò sì lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfi kí á kọ́kọ́ fi iná líle àti oru omi tú u sí gáàsì tó lè jẹ, owó ńlá sì ni. Ilé iṣẹ́ kan dán irú iṣẹ́ yìí wò ní Vero Beach, ní Florida, l'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n sáyánáìdì, májèlé kan tó wà nínú gáàsì wọn, ń ṣe kòkòrò wọn léṣe, ilé iṣẹ́ náà kò sì pẹ́ títí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè fún ibì kan ṣoṣo péré. Nínú àwọn ojú iná gáàsì tí ìjọba ń pín fún oníṣòwò lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kí wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ìdánwò yìí, kí wọ́n sì fà á lé FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Oṣòdì, lọ́wọ́, àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kíkan nǹkan. Kí wọ́n má sì fọwọ́ kan owó ìtanràn iná gáàsì láti fi ṣe é. Òfin 2021 ti ní ti àwọn ìlú tí epo ti ń jáde ni owó yẹn, fún títún ilẹ̀ àti omi wọn ṣe.