Owó ọta ni, kì í ṣe owó ìbọn

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn pé owó ìbọn ni kò jẹ́ kí èrò pọ̀ nídìí paintball, eré tí a ti ń fi ìbọn yin ọta ọ̀dà lu ara wa, l'Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ kọ́ ni owó ń gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan là ń ra ìbọn, pápá sì ń yáni. Ọta ọ̀dà là ń rà ní gbogbo ìgbà.

Ẹ bá mi ṣírò ó: ike orí ìbọn ń gba nǹkan bí ọta 200, ike ọta kọ̀ọ̀kan tí a ń so mọ́ ìdí, 140. Ẹni tó so mẹ́rin mọ́dìí ti kó 760. Páálí kan, ọta 2,000. Ọ̀pọ̀ pápá kì í sì í gba ọta tí a rà níbòmíràn.

Ẹ wo iye páálí kan ní pápá tó sún mọ́ yín, kí ẹ fi wé owó ìyálò ìbọn.