Ẹni Tó Ń Yẹ Omi Sójà Wò Gbọ́dọ̀ Lè Ti Ẹ̀rọ Pa

Ní oṣù kejì ọdún 1900, òùngbẹ gbẹ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jagun ní Gúúsù Áfíríkà débi pé wọ́n ń bu omi odò Modder mu, odò tí òkú ẹṣin àti màlúù ń léfòó lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ìlú Bloemfontein, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti wọ̀ wọ́n lára. Kí ogun náà tó parí ní 1902, nǹkan bí 22,000 nínú wọn ló kú, àìsàn ló sì pa bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Ìbọn kọ́.

Ní 1910, dókítà ológun Amẹ́ríkà kan, Carl Darnall, fi gáàsì kiloríìnì pa kòkòrò inú omi. Lónìí, sójà tó ń ṣiṣẹ́ omi lè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ létí òkun, kó fi agbára ti omi gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé iyọ̀ gan-an kò ní rí ọ̀nà kọjá, kó da kiloríìnì sí i, kó mú sùúrù bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tún wò ó bóyá kiloríìnì ṣì kù níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni. Kò sẹ́ni tó ń gba àmì ẹ̀yẹ torí pé inú kò run ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó yẹ omi wò, tó rí i pé kò dára: ta ló ń gbọ́ tirẹ̀?

Ní Camp Lejeune, bárékè ológun ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ gírísì lára irin àti èyí tí àwọn alágbàfọ̀ ń lò jò wọ inú kànga fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kiloríìnì kò lè ṣe nǹkan kan sí i; kòkòrò ló ń pa. Láti 1980, yàrá àyẹ̀wò àwọn ológun fúnra wọn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé kẹ́míkà wà nínú omi náà. Ó di ìparí 1984 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn kànga náà. Ọdún mẹ́rin gbáko! Aláboyún ń mu ún, wọ́n ń fi wẹ ọmọ. Láti 1953 sí 1987, àwọn tí omi náà kàn lè tó mílíọ̀nù kan, ó sì di 2022 kí òfin tó gbà wọ́n láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ẹnì kan lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá 2021, epo ọkọ̀ òfuurufú jò ní Red Hill, ibi tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ń kó epo pamọ́ sí ní Hawaii, wọ inú omi tí àwọn ológun ojú omi ń pín fún nǹkan bí 93,000 ènìyàn. Epo ń rùn lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀gá bárékè kọ̀wé sí wọn pé kò sí àmì pé omi náà léwu, pé òun àti àwọn òṣìṣẹ́ òun ń mu ún. Ó padà wá tọrọ àforíjì. Ohun tá à ń sọ gan-an nìyẹn: ẹni tó ni ẹjọ́ ló tún ń dá a.

Àwọn ológun kò ṣàìmọ èyí. Lójú ogun, ètò Amẹ́ríkà kò fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe omi láti fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ pé ó ṣe é mu. Ẹ̀ka ìlera ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọwọ́ ọ̀gágun ni àṣẹ ìkẹyìn ṣì wà. A fẹ́ kí ẹni tó yẹ omi wò lágbára láti ti ẹ̀rọ pa lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lẹ èsì àyẹ̀wò síbi tí àwọn tó ń mu ún á ti rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọ́fíìsì ìlera tí kò sí lábẹ́ ológun.

Àwọn kan á ní àṣírí ogun ni. A gbà pé kò yẹ kí ọ̀tá mọ ibi tí sójà ti ń pọn omi. Ṣùgbọ́n bóyá kẹ́míkà wà nínú omi tí ọmọ àwọn sójà ń mu nílé, àṣírí wo nìyẹn? Àwọn mìíràn á ní sójà kékeré kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ọ̀gágun. Kò pàṣẹ fún un. Ẹ̀rọ omi ló tì. Bí ọ̀gágun bá fẹ́ ṣí i padà, kó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ èsì àyẹ̀wò.