Ẹ Jẹ́ Ká Sanwó fún Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Fáìlì Wa

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2024, Andres Freund, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, figbe ta pé ẹnì kan ti dá ihò lu sára ògiri ilé tí gbogbo wa ń sùn sí. Kì í ṣe olè ni ó ń wá. Ohun tó kíyè sí kò ju pé wíwọ orí kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀nà jíjìn ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ìbá pòṣé, ìbá sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Freund kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé inú xz, ètò kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má baà gba àyè, níbi tí wọ́n ti ri ọ̀nà ẹ̀bùrú mọ́lẹ̀ fún ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti gba ẹnu ọ̀nà OpenSSH, irinṣẹ́ tí a fi ń wọ orí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọlé.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa lè máà gbọ́ orúkọ OpenSSH rí, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan l'Ékòó bá fẹ́ fi ìwé owó oṣù ẹgbẹ̀rún ènìyàn ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó wà nílùú mìíràn, sftp, ẹ̀ka OpenSSH tó ń gbé fáìlì, ni yóò sọ fáìlì náà di ẹnà kó tó kúrò nílé, tí ẹni tó bá dènà dè é lójú ọ̀nà kò fi ní rí ohun kan kà. Ṣáájú èyí, FTP, ọ̀nà ìfifáìlìránṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1971, ni ayé ń lò, ìhòòhò sì ni òun máa ń gbé pásíwọ́ọ̀dù kọjá lọ́jà. Ní ọdún 1995, olè kan jókòó ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì kan ní Finland, ó ń ṣa pásíwọ́ọ̀dù àwọn ènìyàn jọ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Ìyẹn ló mú kí Tatu Ylönen tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ kọ SSH, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹnà kó tó rìn lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìwé àṣẹ lílo SSH bẹ̀rẹ̀ sí í le, àwọn ará OpenBSD, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, tí Theo de Raadt ní Kánádà ń darí, mú ẹ̀dà àtijọ́ tó ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé OpenSSH jáde ní ọdún 1999. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́, wà ní gbangba títí dòní, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀.

Àìsan kọ́bọ̀ yìí gan-an ni ẹjọ́ tí a ń rò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ẹgbẹ́ OpenBSD yìí kan náà jáde síta pé àwọn ń wá 20,000 dọ́là tí àwọn yóò fi san owó iná. Owó iná ni o, kì í ṣe owó ilé. Ẹni tó bá ti jókòó sínú òkùnkùn nítorí pé wọ́n wá já wáyà rẹ̀ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń fi iṣẹ́ wọn ṣọ́ ilé lọ́jọ́ tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ xz tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo, Lasse Collin ní Finland, ló ń tọ́jú rẹ̀, láìsí owó oṣù. Ní ọdún 2022, àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú wọn ń dà á láàmú pé iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, kí ó fi ẹlòmíràn kún un. Ó dáhùn pé ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ yá, àti pé iṣẹ́ àfọwọ́ṣeré tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ ni. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan sì ti wà nítòsí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ran ọkùnrin náà lọ́wọ́, títí wọ́n fi gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó lé ní ọdún méjì tó fi ṣe sùúrù. Bí kì í bá ṣe Freund, ìgbà tí ihò náà ì bá fi dé orí àwọn sáfà wa kò ní pẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí ló fi hàn pé ohun tó wà ní gbangba kò ṣeé fọkàn tán, kí a lọ ra èyí tó ní olówó. A kò gbà. MOVEit, tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ fífi fáìlì ránṣẹ́ yìí kan náà, ni àwọn olè Cl0p gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìsọfúnni àwọn òṣìṣẹ́ British Airways àti BBC fi bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àṣírí xz tú nítorí pé ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà lè ṣí kóòdù rẹ̀ wò. Àárẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀tá rí lò, owó àti àwọn tí yóò bá a gbé e ló sì lè wo irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn.

Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn: ní ọdún 2022, ìjọba wọn dá àpò owó sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí, curl tó ń gbé fáìlì kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lára àwọn tó jàǹfààní. Nàìjíríà náà ṣe òfin ààbò ìsọfúnni ní ọdún 2023, òfin náà sì sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ìsọfúnni aráàlú lọ́wọ́ kí ó dáàbò bò ó. Nítorí náà, a ń fẹ́ kí NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, sọ ọ́ di àṣẹ pé iléeṣẹ́ ìjọba, báńkì àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù tó bá ń lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí yóò ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó kọ̀ǹpútà wọn lọ́dọọdún fún ìtọ́jú rẹ̀. Èyí tí kò bá lówó lè yọ̀ǹda ẹnjiníà rẹ̀ fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kí ó máa yẹ kóòdù wò, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí kò wọ́n ní Yaba. Bí àwọn gómìnà bá gbé ìwé ìṣúná tó ń bọ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin, abala kọ̀ǹpútà ni a ó kọ́kọ́ ṣí.