Ẹ má yọ blower Detroit yín torí ariwo o

Ẹni tó ní kí wọ́n yọ blower, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, kúrò lára ẹ́ńjìnnì Detroit Diesel 6-71 inú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kí ariwo lè dín, pé agbára lásán ló ń fi kún un, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ńlá nìyẹn. Two-stroke (pístìnnì ẹ̀ á lọ, á bọ̀, iṣẹ́ kan ti parí) ni 6-71 yìí, láti 1938 ni General Motors (GM) ti gbé e jáde, pístìnnì ẹ̀ kì í fa atẹ́gùn wọlé fúnra ẹ̀, blower yẹn ló ń ti atẹ́gùn tuntun wọlé tó sì ń lé èéfín jáde, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kò ní stáàtì rárá. Ká wá ki fóòmù bọ ẹnu blower yẹn ńkọ́? Háà! Atẹ́gùn ò ní tó o, èéfín dúdú á máa tú, tí fóòmù bá sì já pẹ́nrẹ́n, inú rotor, irin tó ń yí nínú blower, ló ń lọ. Ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn yẹn ni igbe ẹ̀ ti ń jáde jù, air silencer (ohun tó ń dín ariwo ẹnu yẹn kù) tó bá a mu ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì fi fóòmù tó ní awẹ́ wúwo láàárín tẹ́ ògiri yàrá ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún gbaragbara ní slow, ìyẹn nígbà tó ń rọra ṣiṣẹ́, tó wá dákẹ́ tẹ́ ẹ bá fún un ní throttle, ẹ yẹ coupling, ìsopọ̀ tó ń yí blower, wò, ó ṣeé ṣe kó ti gbó.