Ọfà méjì lórí fóònù

"Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Gbólóhùn yìí ti sú mi. Ojoojúmọ́ ló ń bá ìròyìn tí kò lórí tí kò nídìí rìn nínú gúrúùpù WhatsApp wa, láti ti ọmọ àdúgbò ní Pákátà, n'Ílọrin, títí dé ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Omù-Àrán. Wọ́n á gbé ohùn obìnrin kan tó ń sunkún síbẹ̀, pé àwọn agbébọn ti wọ oko, pé kí ará ọjà tètè palẹ̀ mọ́. Ta ni obìnrin náà? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Oko wo? Ọjọ́ wo? Kò sí nínú ohùn náà. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti fi "bí mo ṣe rí i gbà" nu ọwọ́, ó ti padà sídìí tíì rẹ̀. Ìyá oníṣu tó gbọ́ ọ ló sáré fi ọjà sílẹ̀, tó fẹsẹ̀ kọ, tí wọ́n sì ti kó ìdajì iṣu lọ kó tó padà dé.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Àpò wà lára, apó wà léjìká, ahọ́n ló ń sọ èyí tí ọwọ́ máa bọ̀. Àwọn àgbà ti so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun ìjà tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó máa pariwo lórí ẹ̀rọ ayélujára pé "ẹnu mi ni, ẹ̀tọ́ mi ni."

Ẹ̀tọ́ ni lóòótọ́. Abala 39 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ló fún wa. Abala 45 nínú ìwé kan náà ló ní òfin lè pààlà sí i nítorí ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì. Àwọn kan á ní, "Amẹ́ríkà ńkọ́?" Níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀tọ́ ìbọn níní jọ wọ inú òfin ìpìlẹ̀ lọ́dún 1791. Síbẹ̀, lọ́dún 1969, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù sọ pé ẹni tó bá fẹnu ti èèyàn sínú rúgúdù lójú ẹsẹ̀, tí rúgúdù náà sì súnmọ́lé, kò lè sá sábẹ́ òfin. Lọ́dún 2008, ilé ẹjọ́ kan náà ní ẹ̀tọ́ ìbọn pàápàá ní ààlà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìbọn kì í ṣe ẹ̀tọ́ rárá, àṣẹ ni. Òfin ìbọn ọdún 1959 ò gbà kí wọ́n fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 17 níwèé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5. Ṣakabùlà tí baba ń gbé lọ sóko pàápàá, òfin fẹ́ ìwé lórí rẹ̀.

Ṣakabùlà ọ̀hún kì í sì í dún lójijì. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i níwọ̀n, á fi àkísà dí i, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, á wá da ọta sí i, á tún fi àkísà dí ọta kó má baà dà nù bí ẹnu ìbọn bá dorí kodò. Ó di ìgbà tó bá rí ẹran kó tó fi kápù, ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, sí i. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, irin lè bẹ́ mọ́ ọn lójú. Bí ẹ̀tù bá tutù, ìbọn lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dún, ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í fi yọjú wo ẹnu ìbọn tó kọ̀. Gbogbo wàhálà yẹn, àyè ìrònú ló jẹ́. Fóònù ńkọ́? Ìka kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti lọ.

WhatsApp fúnra rẹ̀ rí i pé ó ti yára jù. Lọ́dún 2019 ó ní ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ síbi tó ju 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo òkè ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí yín: ọfà kékeré kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọfà méjì, ọwọ́ tó ti kọjá kò dín ní márùn-ún, àti láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ibì kan ṣoṣo lẹ lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ọfà ni wọ́n yà síbẹ̀ o! Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ lápó.

Ẹnìkan á ní, ó dáa, kí ìjọba máa fún ẹnu náà níwèé àṣẹ. Rárá. A mọ iṣẹ́ ìbọn kó tó kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n a kì í mọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ títí yóò fi balẹ̀. Ẹni tó bá gba agbára láti yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde, ọ̀rọ̀ tó ń dun òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá dúró. Ṣebí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa fún oṣù méje, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 sí oṣù kìíní ọdún 2022, kí ilé ẹjọ́ ECOWAS tó ní kò bófin mu? Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 fi bíbí èèyàn nínú kún ohun tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ gbé èèyàn, ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ta ni kì í bínú?

Nítorí náà, ẹ̀yìn ọgbẹ́ ni òfin ọ̀rọ̀ ń dé. "Bí mo ṣe rí i gbà" kò sì gbani tó bí ẹ ṣe rò. Lábẹ́ abala 24 yẹn, ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ lè bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, ẹni tó tún irọ́ sọ àti ẹni tó kọ́kọ́ pa á, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú adájọ́. Ẹ̀yin ará Kwara, òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá (Penal Code) là ń lò níbí, ìbanilórúkọjẹ́ sì lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún méjì wá.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn láàárín bí ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n inú gúrúùpù yẹn nìkan ló ti ń parẹ́. Ẹ̀dà tó ti dé Ọ̀fà, tó ti dé Òró, tí ẹnìkan ti ya fọ́tò rẹ̀, kò gbọ́ àṣẹ yín.

Ẹ̀yin ádímíìnì lẹ̀bi yín wá pọ̀ jù. Láti ọdún 2022 lẹ ti lè pa ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ rẹ́: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ yan píparẹ́, ó tán. Ẹ lè ti ẹnu gúrúùpù náà kí ẹ̀yin nìkan máa sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi pe ẹnìkan ní ìlú tí wọ́n dárúkọ, kó sọ bóyá òótọ́ ni. Káàdì ₦100 tó o. Kàkà bẹ́ẹ̀, àgbà tó ní irun funfun lórí rí ọfà méjì, ó fi àwòrán ọwọ́ àdúrà mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, ó tún gbé e lọ sí gúrúùpù ẹbí.